Àyà Tí Tépù Wọ̀n

Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ mí. Inú ń bí mi, ó sì ti ń bí mi láti ìgbà tí tépù ẹ̀gbọ́n mi ti parọ́ mọ́ mi. Ẹ ò mọ̀ pé tépù máa ń parọ́? Ẹ jókòó, ẹ gbọ́.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Òòlù. Mọ́tò tó bá kọlu nǹkan, èmi ni mo máa ń lu ara ẹ̀ títí á fi padà sí bó ṣe wà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tèmi ní gbogbo ayé, láti ẹnu géètì wa títí dé ìparí títì. Mọ́tò tó rún wómúwómú bí ike omi tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ gbé e wá. Kí n tó gbé òòlù lé e lẹ́ẹ̀kejì, fúnra ẹ̀ láá máa nà jáde, ẹ̀rù mi ń bà á.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyà tó wà nínú iṣẹ́ yẹn. Tí télọ̀ bá rán aṣọ tó dáa, wọ́n á béèrè ẹni tó rán an. Tí onídìrí bá dirun tó dáa, wọ́n á béèrè ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Tèmi ńkọ́? Tí mo bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Àfi tó bá burú nìkan ni wọ́n á pariwo pé, "Ta ló ṣe ìranù yìí?"

Ọkùnrin kan gbé mọ́tò ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Tírélà ti gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀kùn ọ̀tún ti wọlé lọ kí ilẹ̀kùn òsì. Mo lu nǹkan yẹn títí apá mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Nígbà tó padà wá, ó yí i po, ó fọwọ́ pa á lára, ó wá yíjú sí ìyàwó ẹ̀ níṣojú mi, ó ní, "Ṣó o rí i? Mo sọ fún ẹ pé kò kàn án púpọ̀." Kò kàn án púpọ̀! Èmi tí mo dúró níbẹ̀, tí ọwọ́ mi wú bí búrẹ́dì! Ó wá lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kun ọ̀dà sí i. Ọ̀dà o! Inú bí mi débi pé ológbò tó ń kọjá lọ dúró, ó wojú mi, ó gba ọ̀nà míì.

Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé màá ṣe nǹkan kan tí ojú gbogbo ayé máa rí, tí wọ́n á fi béèrè pé, "Ta ló ṣe èyí?" Èmi fúnra mi ni màá dá wọn lóhùn, pẹ̀lú ẹnu ara mi.

Ibi tí mo ti ń wá ohun tí màá ṣe ni wọ́n ti kéde ìdíje kan ní gbọ̀ngàn ńlá tó wà lójú títì. Wọ́n ní kí kálukú wọ aṣọ tó rò pé àwọn èèyàn máa wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé láàárín ìràwọ̀. Àwọn kan ní àwọn á wọ ọ̀rá, àwọn kan ní àwọn á lẹ páálí mọ́ra. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi dùn mí. Ìhámọ́ra lèmi máa wọ̀, ìhámọ́ra jagunjagun tí wọn ò tíì bí bàbá bàbá ẹ̀, tó ń tàn láti orí dé ẹsẹ̀.

Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n èmi àti ṣọ́ọ̀kì gbọ́ra wa yé. Mo ya gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà iṣẹ́ mi. Mo ya akoto tí ojú ẹ̀ ń tàn dé òṣùpá, ìràwọ̀ ńlá ní àyà, ìbọ̀wọ́ tó ń kọ mànàmáná, gìgísẹ̀ tó ń tú èéfín. Mo wá pe Wáyà kó wá wò ó. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni Wáyà, fóònù ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kàn mí. Ó tín-ín-rín débi pé tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, òjò ò lè bá a.

Ó yí àwòrán mi po, ó ń họ irùngbọ̀n tí kò tíì hù.

"Kí lèyí?"

"Iná."

"Ní orúnkún?"

"Ní orúnkún, ní ìgbọ̀nwọ́, ní ojú, ní ìdí."

"Ní ìdí kẹ̀? Ta ló fẹ́ rí ìdí ẹ?"

"Gbogbo ẹni tí mo bá kọjá níwájú ẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Òòlù, bátìrì tó máa tan gbogbo èyí, bátìrì tírélà ni. Ṣé tírélà á máa tẹ̀ lé ẹ lẹ́yìn ni?"

"Kó tẹ̀ lé mi! Ìwọ ṣáà fi wáyà sí i."

"Yọ ti ìdí. Yọ èéfín. Fi ojú, àyà àti ọwọ́ sílẹ̀, bátìrì kékeré á gbé e."

A jà lórí ìdí yẹn títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tó yá mo yọ̀ǹda ìdí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé inú mi dùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bú mi. Mo ti fi irin ṣe apá kan. Irin gidi, tí mo gé lára bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù, ó ń dán gbinrin. Mo wọ̀ ọ́. Mo lè gbé e sókè o, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n kàn bẹ̀ mí ni pé kí n má gbé e. Wáyà wò mí níbi tí mo fara ti ògiri sí, ó ní, "Apá kan nìyẹn, o ti rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi tábìlì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú. Fóòmù la máa lò."

"Fóòmù wo?"

"Èyí tó le yẹn. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọkọ́mọ! Èmi Òòlù, tí irin ń gbọ́ ohùn mi tó ń gbọ̀n, kí n wọ sílípáàsì lọ síwájú àwọn èèyàn! Mo lé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń pariwo látinú ilé pé, "Gbé e sí ojú iná tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà gbẹ! Sáà gbé e sí i kó o wò ó!" Odidi ọ̀sẹ̀ la ò fi bára wa sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ mí, mo gbé e sí i, mo kàn fẹ́ fi hàn án pé òmùgọ̀ ni. Mo fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí fóòmù yẹn, ó rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún mi, ó dì mú bí panẹ́ẹ̀lì tuntun. Mo kùn ún lọ́dà, mo fi òòlù lù ú lára díẹ̀díẹ̀ kó dà bíi pé ó ti jagun rí. Ẹ ò lè mọ̀ pé kì í ṣe irin. N ò sọ fún Wáyà pé ó dáa. Mo kàn jù ú sí i ní àyà, mo ní, "Wá fi iná sí ìranù ẹ."

Wáyà ló mú ọ̀rọ̀ súìṣì wá. Ó ní ìbọ̀wọ́ á wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní lè fi ìka tẹ nǹkan kan. "A ó fi súìṣì sínú àyà, lẹ́yìn ìràwọ̀ yẹn. Tá a bá ti dì í mọ́ ẹ lára tán, àyà ẹ á tẹ̀ ẹ́, gbogbo iná á tàn. O ò nílò ọwọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá ẹ mu rẹ́gí o. Tó bá tóbi díẹ̀, kò ní kàn ẹ́."

Mo ní, "Ohun tí mo ti ń rò tipẹ́ nìyẹn."

Torí pé ó gbọ́dọ̀ bá mi mu rẹ́gí la fi lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Télọ̀ ni. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, tó bá rìn wọnú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ á kí i. Ó gbé tépù ọrùn ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, Wáyà sì mú páálí àti bírò dání kó lè gé àpẹẹrẹ.

"Mí jáde," ni Àǹtí mi wí.

"Mo ti mí jáde."

"Òòlù, mí jáde. Àyà ẹ wú bíi ti àkùkọ tó fẹ́ kọ."

"Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, Àǹtí mi."

"Sọ gìgísẹ̀ ẹ kalẹ̀."

"Ó wà nílẹ̀."

"Mò ń wo abẹ́ ẹ̀ báyìí, eku lè gbabẹ̀ kọjá."

"Àǹtí mi, ṣé ìhámọ́ra lẹ fẹ́ wọ̀n ni àbí pósí?"

Ó pòṣé kan tó gùn. Ó ní, "Èmi ò bá oníbàárà jà. Ohun tó bá dúró síwájú tépù ni mo máa ń wọ̀n. Tó bá ní bí òun ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí." Ó wọ̀n mí, ó ń pe iye ẹ̀ fún Wáyà, Wáyà ń kọ ọ́. Bó ṣe lọ nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn, torí wọ́n fẹ́ sọ fún yín pé èmi ni mo jẹ̀bi.

A ṣe é. Bá a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ ni Wáyà ń fi òjé so wáyà mọ́ ara wọn nínú ẹ̀, ó wá fi gọ́ọ̀mù bo gbogbo ẹ̀ kó má baà já. Ó fi fáànù kékeré kan tó yọ lára kọ̀ǹpútà sínú akoto kí ooru má pa mí. Mo ti sọ fún onígbàjámọ̀, mo ti sọ fún àwọn tó ń fọ mọ́tò, mo ti sọ fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí pé lọ́jọ́ ìdíje, kí wọ́n gbé awò dúdú dání, torí pé ìmọ́lẹ̀ mi á fọ́ wọn lójú.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí mi torí dígí ńlá tó wà níbẹ̀. Àdúgbò kún ẹnu ọ̀nà. Màámi jókòó sórí àpótí, wọ́n ń bá Àǹtí mi já òwú kúrò lára aṣọ. Wáyà àti Àǹtí mi dì mí, wọ́n fún un, wọ́n so ó. Mo fa èémí sínú, mo yíjú sí àwọn èèyàn.

Ó tàn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó tàn! Ìràwọ̀ tàn, ojú tàn, ọwọ́ méjèèjì tàn. Gbogbo wọn ké "Háà!" Òkè ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Mo la ẹnu. "Ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé èmi—"

Ó kú.

Mo pa ẹnu dé, mo tún èémí fà. Ó tàn.

"Wáyà, kí ló ṣe—"

Ó kú.

Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ wáyà wò. Ó yẹ bátìrì wò. Ó fetí sí mi láyà bíi dókítà. "Sọ̀rọ̀," ni ó wí.

"Kí n sọ kí ni? Iṣẹ́ ẹ ni kò dáa!" Òkùnkùn.

"Dákẹ́." Ìmọ́lẹ̀.

"Sọ̀rọ̀."

"Màá fi òòlù fọ́ ẹ lórí!" Òkùnkùn.

Ìgbà yẹn ni onígbàjámọ̀ pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ wá wò o! Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tó ń pa Òòlù lẹ́nu mọ́!" Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń di ara wọn mú kí wọ́n má ṣubú. Mo fẹ́ lọ bá a níbẹ̀, èjìká ìhámọ́ra yẹn já bọ́ sí ìgbọ̀nwọ́ mi, akoto yí padà, mi ò rí nǹkan kan mọ́ àyàfi fáànù, mo lọ fi orí sọ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Wáyà ní, "Ó tóbi jù ẹ́ lọ. Tó o bá wú àyà nìkan ló ń kan súìṣì. Tó o bá sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ á jáde, àyà á rọ̀."

"Ẹ fi aṣọ dí i!"

Wọ́n fi àkísà dí i. Ó tàn, mo sọ̀rọ̀, kò kú. Àmọ́ àkísà yẹn dí ọ̀nà atẹ́gùn, ooru bò mí, òógùn ń ṣàn wọnú bàtà mi. Mi ò dákú o. Mo kàn jókòó sílẹ̀ lójijì, mo sì dijú díẹ̀. Wọ́n da omi sí mi lójú láìbéèrè.

Nígbà tí mo dìde, ojú mi ti pọ́n. Mo ní, "Àǹtí mi, tépù yín ti gbó! Ó ti fà! Tépù ọdún gbọ́nhan lẹ fi wọ̀n mí!"

Ẹ ò rí ojú ẹ̀gbọ́n mi rí tí inú bá ń bí i. Ó gbé aṣọ tó ń rán kalẹ̀. "Tépù mi? Tépù tí mo fi ń rán aṣọ fún gbogbo àwọn tó dúró síbí yìí? Ta ni aṣọ mi tóbi fún nínú yín? Kó sọ̀rọ̀!" Kálukú ń wo aṣọ ọrùn ara ẹ̀. "Mo ní kó o mí jáde, o ní bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ nìyẹn. Mo ní kó o sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, o ní ṣé pósí ni mo fẹ́ wọ̀n. Ẹ gbé nǹkan yẹn fún mi! Wáyà, iye tó o kọ sórí páálí yẹn, pè é."

Wáyà pè é. Àǹtí mi fi tépù kan náà yí ara ẹ̀ po lójú gbogbo wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà. Ó wá gbé ìhámọ́ra mi wọ̀.

Ó bá a mu rẹ́gí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan ṣoṣo lónìí: bíi pé wọ́n dà á sí i lára ni. Ó tàn. Ó rẹ́rìn-ín, kò kú. Ó bú mi, bó ṣe yẹ kó bú mi, èébú tó gùn láti ìdílé bàbá mi títí dórí ìwà mi, iná yẹn ò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Fún un! Iṣẹ́ tèmi!

Mo mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé páálí. "Ẹ bọ́ ọ. Màá gé àyà yẹn kó kéré."

Wáyà di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ tín-ín-rín yẹn le bí irin lọ́jọ́ náà. "Ibi tó o fẹ́ gé yẹn ni gbogbo wáyà gbà kọjá. Tó o bá gé e, ó kú pátápátá. Fóòmù ti tán. Ọ̀la ni. Tó o bá fẹ́ wọ̀ ọ́, wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan."

"Kí n má sọ̀rọ̀? Kí wọ́n béèrè ẹni tó ṣe é, kí n dúró bí òpó?"

Màámi ò gbójú sókè láti ibi òwú tí wọ́n ń já. Wọ́n ní, "Àti pé akoto bo ojú ẹ. Tó o bá dé nǹkan yìí mọ́rí, tó o sì dákẹ́, ta ló máa mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́—"

"Mò ń béèrè ni. O ti ní mọ́tò tó o tún ṣe tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ìwọ ni. O tún fẹ́ wọnú òmíràn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwọ ni kó o yan èyí tó o fẹ́."

Mo jáde. Mo lọ sí ọgbà iṣẹ́ mi, mo lu fẹ́ńdà kan tí nǹkan kan ò ṣe, títí nǹkan fi ṣe é. Mo lù ú padà bó ṣe wà. Mo tún lù ú wọlé. Inú ń bí mi sí tépù, ó ń bí mi sí Àǹtí mi, ó ń bí mi sí Wáyà tó gbọ́n, ó ń bí mi sí ọkùnrin tó ní kò kàn án púpọ̀. Mo wá ronú pé: tí mo bá wọ̀ ọ́ tí mo dákẹ́, irú ọkùnrin yẹn á tún dúró níwájú mi, á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì, n ò sì ní lè lanu. Mo ju òòlù sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà, Àǹtí mi ṣì wà nínú ìhámọ́ra yẹn níwájú dígí, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn ín. Mo ní, "Ẹ má fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jagunjagun ni yín, ẹ ò lọ pọnmi." Ó yí akoto sí mi. Ó ní, "Ṣé o ti gbà nìyẹn?" Mo ní, "Mi ò gbà. Ẹ gbé orúnkún sókè."

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí mi wọnú gbọ̀ngàn yẹn, mò ń bá a rìn lọ́wọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi àti òòlù ní àpò ẹ̀yìn, ojú mi le bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀. Àwọn tó wọ ọ̀rá yà sọ́tọ̀. Àwọn tó lẹ páálí wo páálí ara wọn. Àwọn ọmọdé sá, wọ́n tún padà wá. Obìnrin kan tó wà lára àwọn adájọ́ ìdíje náà dúró níwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó wo ìràwọ̀ àyà yẹn títí, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Ariwo fáànù inú akoto ò jẹ́ kí Àǹtí mi gbọ́. Ṣùgbọ́n ó rí i tí ẹnu obìnrin náà ń lọ. Ó gbé ọwọ́ ńlá tó ń tàn yẹn sókè, ó nà án sí mi.

Gbogbo ojú yí sí mi. Ọ̀rọ̀ ọdún wo ló wà lọ́nà ọ̀fun mi! Mo ní, "Èmi ni." Mo ní, "Èmi, àti Wáyà tó dúró sẹ́yìn yẹn, òun ló so iná ẹ̀, ẹ bi í." Mo wá bẹ̀rẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe gbẹ́ gbogbo ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú, mo sọ pé irin gidi ni tẹ́lẹ̀, mo sọ mọ́tò tí tírélà gbá, mo sọ ọkùnrin yẹn, mo sọ ìyàwó ẹ̀, mo ní ẹni tó bá tún sọ pé kò kàn án púpọ̀, kó wá wo ọwọ́ mi. Mo ń pariwo. Mo rò pé mo gbá tábìlì wọn.

Wáyà ń fa ẹ̀wù mi. "Òòlù. Bátìrì."

Ọwọ́ òsì ti kú. Ọwọ́ ọ̀tún náà ń ṣẹ́jú. Ojú akoto pọ́n, ó ṣú, ó kú. Ìràwọ̀ àyà ló kú gbẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ipò kìíní fún ẹnìkan tó wọ páálí! Páálí! Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, tí mo bá rí páálí lójú ọ̀nà, mo máa ń gbá a nípàá.

Àǹtí mi ṣí akoto, òógùn bò ó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti sọ tán?"

Obìnrin tó béèrè yẹn ṣì dúró síwájú mi, kò tíì lọ.

Mo ní, "Àǹtí mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni."